Íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín ń falẹ̀? Ẹ wá ibi tó há kí ẹ tó fi owó kún forfait

Ní ilé àǹtí mi kan ní Oganla, ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé forfait íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ìyẹn ètò tí wọ́n ń sanwó fún lóṣooṣù, sókè láàárín oṣù mẹ́ta. Síbẹ̀, bí ọmọ wọn tó wà ní Faransé bá pè wọ́n lálẹ́ lórí WhatsApp, àwòrán á dì, ohùn á máa já, wọn á máa pariwo "Àló? Àló?" títí ìpè á fi gé. Ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀, inú búfẹ́ onígíláàsì ni mo ti bá bọ́ọ̀sì náà (box, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín Wi-Fi nínú ilé), lẹ́yìn àwọn abọ́ tánganran. Wọ́n tún fi aṣọ funfun tí wọ́n fọwọ́ hun bò ó lórí kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí abọ́ ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tiná kúrò. Mo ká aṣọ náà, mo gbé bọ́ọ̀sì sórí búfẹ́. Nígbà tí ọmọ wọn pè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sọ̀rọ̀ tẹ́rùn, kò já lẹ́ẹ̀kan.

Owó oṣù mẹ́ta ti lọ ní tiwọn. Ó dùn mí, nítorí mo mọ ohun tí wọ́n ń tà kí wọ́n tó rí owó náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kó tó dé ọwọ́ yín. Ọ̀nà kìíní wà nínú ilé: láti fóònù dé bọ́ọ̀sì, èyí ni Wi-Fi. Ọ̀nà kejì jáde nílé: láti bọ́ọ̀sì dé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó fa okùn fibre wọlé fún yín. Ọ̀nà kẹta ni láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà lọ sí gbogbo ayé. Ọ̀nà kejì nìkan ni forfait kàn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà kìíní ló há, ẹ ra èyí tó wọ́n jù lọ ní Benin, fóònù yín kò ní mọ̀ pé ẹ ra nǹkan kan.

Ohun tí ẹ máa nílò

Fóònù kan, àti kọ̀ǹpútà tó ní ihò okùn bí ẹ bá rí i yá. Okùn RJ45 kan, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá kọ Cat5e tàbí Cat6 sí ara rẹ̀, ó tó. Ẹ wo abẹ́ bọ́ọ̀sì, ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀: orúkọ Wi-Fi, kóòdù, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọ inú bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, ìwé kan àti bíìkì. Ẹ má fojú tẹ́ ìwé yìí. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀, bó bá di ọjọ́ kẹta, kò ní rántí mọ́ bóyá ohun tó ṣe ràn án lọ́wọ́ tàbí ó bà á jẹ́.

Ìpele 1: Ẹ wọn ìyára kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ pa dátà fóònù, kó ku Wi-Fi nìkan. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: Wi-Fi ò lágbára, fóònù yóò rọra bọ́ sórí dátà SIM, ẹ ó wá máa wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì SIM, ẹ ó rò pé ti ilé ni.

Ẹ ṣí fast.com tàbí speedtest.net. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ dúró ní mítà kan sí bọ́ọ̀sì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n níbi tí ẹ ti máa ń lò ó gan-an, bóyá lórí ibùsùn tàbí ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Ẹ ṣe méjèèjì láàárọ̀, kí ẹ tún ṣe wọ́n láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ìyára tí nǹkan fi ń wọlé, ìyára tí nǹkan fi ń jáde, àti ping, ìyẹn àkókò tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ tó sì ń padà bọ̀.

Bí forfait yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń kà ní Go (gigaoctet), ẹ má wọ̀n ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó yára, ìwọ̀n ẹyọ kan lè jẹ ju 100 Mo (mégaoctet) lọ.

Mo máa ń gbọ́ ẹjọ́ kan ṣáá: "Wọ́n ní 20 méga ni wọ́n ń fún mi, ṣùgbọ́n tí mo bá ń gba fídíò sílẹ̀, 2.5 ni mò ń rí." Kò sí ẹni tó rẹ́ wọn jẹ. Mbps ni wọ́n fi ń ka ìyára, Mo ni wọ́n fi ń ka bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, mẹ́jọ Mbps ló sì wà nínú Mo kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá. 20 tí ẹ bá pín sí mẹ́jọ, 2.5 ni.

Èló ló tó fún ilé? Netflix ní 5 Mbps tó fún fíìmù tó mọ́ dáadáa, 15 fún 4K. Ìpè fídíò lórí WhatsApp kì í gbà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń pa ìpè ni ping tó ń fò sókè fò sílẹ̀, àti ìyára ìjáde tó kéré. Nítorí náà ẹ má wo nọ́ńbà ńlá ti ìwọlé nìkan.

Ẹ ti parí ìpele yìí bí ìwé yín bá ní ìlà mẹ́rin ó kéré tán, tí aago wà níwájú ìkọ̀ọ̀kan.

Ìpele 2: Ẹ yọ Wi-Fi kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà

Ìpele yìí ló ń dá ẹjọ́ náà. Ẹ fi okùn RJ45 so kọ̀ǹpútà mọ́ bọ́ọ̀sì ní ọ̀kan nínú àwọn ihò tí wọ́n kọ LAN sí. Ẹ pa Wi-Fi kọ̀ǹpútà náà. Mo tún un sọ: ẹ pa á, nítorí ẹni tó so okùn tí Wi-Fi ṣì ń ṣiṣẹ́ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé okùn ló wọ̀n. Kí ẹlòmíràn nínú ilé fi íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí okùn bá fún yín ní ohun tí ẹ sanwó fún, tàbí tó sún mọ́ ọn, inú ilé ni ẹjọ́ wà. Ẹ lọ sí ìpele 3 àti 4. Bí okùn fúnra rẹ̀ bá ń wọ́ bí ìgbín, ẹ fi bọ́ọ̀sì síbi tó wà, ẹ lọ sí ìpele 5 tààrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fibre tó ju 100 Mbps lọ, ẹ gbọ́ èyí: bí okùn bá ń fún yín ní bíi 94 ní gbogbo ìgbà, láàárọ̀, lálẹ́, kò lọ sókè kò wá sílẹ̀, okùn RJ45 náà tàbí ihò rẹ̀ ni. Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú okùn náà. Bí ọ̀kan péré bá já, kọ̀ǹpútà àti bọ́ọ̀sì lè fohùn ṣọ̀kan lórí 100, wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí okùn tí ẹsẹ̀ àga tẹ̀ báyìí. Lójú, kò ní àbùkù kankan. Ẹ fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀ wò.

Ẹni tí kò rí kọ̀ǹpútà yá, kó dúró ní mítà kan sí bọ́ọ̀sì pẹ̀lú fóònù, kí gbogbo èèyàn yòókù ti kúrò lórí Wi-Fi, kó sì yan Wi-Fi 5 GHz bí bọ́ọ̀sì bá ní i. Kò péye bí okùn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ máa méfò lọ.

Ìpele 3: Ibi tí bọ́ọ̀sì wà

Bí wọ́n bá ní kí n mú ìpele kan ṣoṣo fún gbogbo ilé tó wà ní Àjàṣẹ́, èyí ni mo máa mú.

Bí iná fìtílà ṣe ń tàn ni Wi-Fi ṣe ń tàn. Ohun tó bá dí i, ẹ̀yìn nǹkan náà á ṣókùnkùn. Àwọn tó máa ń dí i jù nínú ilé wa nìyí: ògiri amọ̀ tó nípọn, páànù, irin ilẹ̀kùn, dígí ńlá, fìríìjì, àti omi. Bẹ́ẹ̀ ni, omi. Dúrọ́ọ̀mù omi tó kún, tó wà láàárín bọ́ọ̀sì àti yàrá, ń gbé Wi-Fi mì. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ máa ń pọn omi pamọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ilé àtijọ́ wa, ti àwọn Àgùdà àti àwọn tó kọ́lé fara wé tiwọn, lẹ́wà, mo sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ wọn kò fẹ́ràn Wi-Fi. Yàrá mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ìkẹta á gbẹ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n kì í bá ògiri jà. Púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ní àgbàlá láàárín, fèrèsé àti ilẹ̀kùn yàrá sì kọjú sí i. Ẹ gbé bọ́ọ̀sì sí ẹnu fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá, kó ga tó àyà ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wi-Fi á gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá, á wọ yàrá òdìkejì láti ojú fèrèsé tiẹ̀. Kí òjò má kàn án, kí oòrùn ọ̀sán má sì pa á.

Àwọn ibi tí mo máa ń bá a, tí kò yẹ kó wà: abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, orí dekódà tó ń gbóná, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn àga, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa nítorí àwọn ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ tí a fi ń bò ó. Mo mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ ni, mo sì mọ̀ pé eruku ọyẹ́ kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ ni ẹ ń sé mọ́ inú, ẹ̀rọ tó bá sì gbóná jù á máa kú á máa jí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku rẹ̀ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó tán.

Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ìsinsìnyí ní Wi-Fi méjì. 2.4 GHz ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri, ṣùgbọ́n kò yára. 5 GHz yára gan-an, ògiri amọ̀ kan ṣoṣo sì lè dá a dúró. Ẹ fún méjèèjì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó wà nínú pálọ̀ kan náà pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, 5. Fóònù màmá nínú yàrá ẹ̀yìn, 2.4.

Ní àdúgbò tí ògiri ilé fi ara kan ara, Wi-Fi aládùúgbò náà ń dí tiyín lọ́wọ́. Lórí 2.4 GHz, ẹ wọ inú bọ́ọ̀sì, ẹ yan ọ̀nà (canal) 1, 6 tàbí 11, èyí tí ó bá ṣófo jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má yan 3 tàbí 8 pé ẹ rí i pé kò sẹ́ni níbẹ̀: ọ̀nà tó bá wà láàárín á máa gba ariwo àwọn méjèèjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà pé ó ń fa Wi-Fi gùn, répéteur, ń kọ́? Inú yàrá tí kò sí Wi-Fi ni àwọn èèyàn máa ń gbé e sí. Kí ni yóò wá fà gùn níbẹ̀? Àárín ọ̀nà ni kí ẹ gbé e sí, níbi tí Wi-Fi ṣì ti dára. Kódà bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á dín ìyára kù sí ìdajì. Bí ẹ bá lè fa okùn RJ45 gba ẹ̀gbẹ́ àjà dé yàrá kejì, kí ẹ fi ẹ̀rọ Wi-Fi mìíràn sí ẹnu rẹ̀, ìyẹn ló dára jù. Okùn náà ń ṣiṣẹ́ dé 100 mítà.

Ẹ tún yàrá kọ̀ọ̀kan wọ̀n ní aago kan náà pẹ̀lú ti ìpele 1. Bí yàrá tó jìnnà jù bá ń fún yín ní ìdajì ohun tí okùn fún yín, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dára.

Ìpele 4: Ta ló ń jẹ ẹ́?

Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì sínú Chrome: 192.168.1.1, 192.168.0.1 tàbí 192.168.8.1 ló máa ń jẹ́. Ẹ wo iye ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ kà wọ́n pẹ̀lú àwọn ará ilé. Nílé ọ̀rẹ́ mi kan, ènìyàn mẹ́rin, a ka ẹ̀rọ mọ́kàndínlógún. Kóòdù tí wọ́n fún àlejò níbi ìsọmọlórúkọ ti kárí àdúgbò. Ẹ yí kóòdù padà, ẹ yan WPA2 tàbí WPA3 fún ààbò rẹ̀, ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pálọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó ń jáde nílé. Google Photos tó ń kó fọ́tò òde ọjọ́ Sátidé lọ sókè lè kún ọ̀nà ìjáde bámúbámú, ìpè yín á sì máa já bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọlé dára. Ẹ dá a dúró, kó di òru kí ẹ tó tún tàn án. Lórí WhatsApp, ẹ pa gbígba fídíò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lórí Windows, ẹ sàmì sí Wi-Fi ilé pé dátà rẹ̀ níye, kó má bàa máa gba ìmúdójúìwọ̀n ńlá ní ọ̀sán gangan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ ihò kékeré tí wọ́n kọ reset sí. Pípa bọ́ọ̀sì kí ẹ tún tàn án yàtọ̀ sí reset. Reset á pa gbogbo ètò tí ilé-iṣẹ́ ṣe sínú rẹ̀ rẹ́. Lórí fibre, ó ṣeé ṣe kí ẹ wà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì títí wọn á fi tún un ṣe.

Àyẹ̀wò: kí gbogbo ilé máa lò ó bó ṣe yẹ, kí ẹ wọn ping. Bí kò bá fò ju bó ṣe wà nígbà tí ẹ nìkan wà lórí rẹ̀ lọ púpọ̀, ẹ ti rí ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Ìpele 5: Ọ̀nà tó jáde nílé

*Bọ́ọ̀sì oní-SIM.* Ẹ̀yin ará Kétu àti àwọn tí fibre kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, tiyín ni èyí. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ wá nọ́ńbà méjì. RSRP ń sọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ òpó sí: -80 dára gan-an, -90 dára, -100 kò burú jù, -110 lọ sísàlẹ̀ kò dára. SINR ń sọ bí ohùn òpó ṣe borí ariwo tó: 20 lọ sókè dára gan-an, tó bá ti wọ abẹ́ 0, ìyọnu ni. Ẹ má tẹ̀ lé ọ̀pá kékeré tó wà lójú bọ́ọ̀sì. Mo ti rí ọ̀pá mẹ́rin pẹ̀lú SINR 1.

Ẹ gbé bọ́ọ̀sì lọ sí fèrèsé kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì. Ẹ lọ sí fèrèsé mìíràn. Ẹni tó bá ń yí i kiri láìdúró á máa ka nọ́ńbà ibi tó ti kúrò. Bí ibi tí òpó ti dára jù kò bá jẹ́ ibi tí Wi-Fi ti dára jù, ti òpó ni kí ẹ yàn, kí ẹ fi okùn RJ45 gbé Wi-Fi lọ sí àárín ilé.

Bí àárọ̀ bá yára tí alẹ́ ń wọ́, tí RSRP àti SINR kò sì yí padà, àwọn èèyàn ló pọ̀ lórí òpó náà. Fèrèsé ò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ yá SIM ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ aládùúgbò, yálà MTN, Moov Africa tàbí Celtiis, ẹ wọ̀n ọ́n lórí fóònù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ẹ tó ra nǹkan kan. Ẹ sì bèèrè bóyá bọ́ọ̀sì yín gba SIM ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí wọ́n ti ti àwọn kan pa.

*Fibre.* Bí iná LOS bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ yín: okùn ti ṣẹ́, tàbí wọ́n ká a jù, tàbí eku ti jẹ ẹ́. Gíláàsì ló wà nínú okùn yẹn. Ẹ má ká a kó kéré ju ẹnu ife lọ, ẹ má kàn án níṣòó mọ́gi, ẹ má sì fi ojú wo ẹnu rẹ̀. Ẹ pe ilé-iṣẹ́.

Fún méjèèjì, ẹ ka ìwé forfait dáadáa. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní illimité (aláìlópin), tí ìyára wọn sì ń rọlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lo iye Go kan. Bó bá jẹ́ pé ìparí oṣù nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì yín ń falẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun.

Ìpele 6: Ẹ jẹ́ kí ping jẹ́rìí

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí cmd, ẹ kọ *ping -n 50 192.168.1.1*, tàbí nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tiyín. Lẹ́yìn náà, *ping -n 50 8.8.8.8*, ìyẹn ti Google. Bí ti bọ́ọ̀sì bá ń sọnù, ẹ padà sí ìpele 3. Bí ti bọ́ọ̀sì bá pé 50 tí ti Google sì ń sọnù, ìta ni.

Bí ojú-ewé bá ń pẹ́ kó tó ṣí, ṣùgbọ́n tí fídíò ń lọ geere bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ yí DNS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá yín wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ ojú-ewé, padà sí 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8.

Àwọn ọjọ́ kan sì wà tí ẹjọ́ náà kọjá gbogbo wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Abidjan. SAT-3 àti ACE, tí àwọn méjèèjì gúnlẹ̀ sí Kútọnu, wà lára wọn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó máa tú bọ́ọ̀sì, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lo ilé-iṣẹ́ mìíràn. Bó bá jẹ́ gbogbo ìlú ni, ẹ fi bọ́ọ̀sì yín lọ́rùn sílẹ̀.

Ìpele 7: Ẹ pe ilé-iṣẹ́, ìwé lọ́wọ́

"Íntánẹ́ẹ̀tì mi ò dára" kò wúlò fún wọn, "Ẹ pa á kí ẹ tún tàn án" ni wọ́n máa dá yín lóhùn. Ẹ kà á fún wọn báyìí: "Lórí okùn, kì í ṣe Wi-Fi, mo wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́: 3 Mbps. Láàárọ̀: 18. Ping sí bọ́ọ̀sì, kò sí èyí tó sọnù. Ping sí ìta, 11 sọnù nínú 50." Ẹni tó gbé ìpè náà á gbọ́ pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, á fi yín lé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn. Bí wọ́n bá kọ etí dídi, ARCEP Bénin ni àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ìwé yẹn náà sì ni ẹ máa mú lọ bá wọn.

Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ti tún un ṣe, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ so okùn, ẹ pa Wi-Fi, ẹ dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nọ́ńbà tó ti wà nínú ìwé yín tẹ́lẹ̀.